Ọkọ̀ inú páálí: ìmọ̀ tó wà nínú títo àwòṣe ọkọ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Tamiya ní ìlú Shizuoka, lórílẹ̀-èdè Japan, fẹ́ ṣe àwòṣe Porsche 934, ọkọ̀ ìdíje tó gbajúmọ̀ nígbà náà, wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ lóríṣiríṣi. Fọ́tò kò tó wọn. Shunsaku Tamiya, tó ń darí iṣẹ́ náà, wá ra odidi Porsche 911 kan, irú ọkọ̀ tí wọ́n ti mú 934 jáde, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè rí bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe so mọ́ra. Ọkọ̀ ike tí èèyàn lè gbé dání ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, ìdá kan nínú méjìlá ọkọ̀ gidi, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1976. Owó tí wọ́n ná sórí rẹ̀ pọ̀ débi pé, kó lè padà wọlé, wọ́n tún fi ara ọkọ̀ kan náà ṣe ọkọ̀ ìṣeré tí a ń fi rẹ́díò darí láti òkèèrè. Ẹni tó bá sọ pé eré ọmọdé ni títo àwòṣe ọkọ̀ ní láti sọ fún wa ohun tó mú oníṣòwò tó mọ iye owó rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ọwọ́ yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ìmọ̀ ọkọ̀ ṣíṣe ti ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan nílé-iṣẹ́ ọkọ̀. Orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ sì kọ́ ni pàtàkì ohun tó ń kọ́ni. Ó ń kọ́ ojú láti wòran, ó ń kọ́ ọwọ́ láti mọ ìwọ̀n, ó sì ń kọ́ ọkàn láti mọ ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á yọ́ ike polystyrene nínú ooru tó ju 200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á fi agbára tì í wọ inú irin tí wọ́n ti gbẹ́ ihò sí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tutù. Férémù ike kan ló máa jáde, tí ẹ̀yà ọkọ̀ so mọ́ ọn lára yí ká bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka: ìdajì ẹ́ńjìnnì níhìn-ín, ìjókòó lọ́hùn-ún, síparíǹgì, dáṣíbọ́ọ̀dù, ríìmù táyà. Ẹni tó rà á ni yóò gé wọn kúrò, tí yóò fi sáńpépà ra ojú ibi tó gé, tí yóò kùn wọ́n lọ́dà, tí yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gúlùù tí wọ́n ń lò yàtọ̀ sí èyí tí à ń fi lẹ bàtà. Ṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì tó kan ara wọn. Àwọn okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di ike á wá wọnú ara wọn, nígbà tí gúlùù bá sì gbẹ, ohun méjì ti di ẹyọ kan. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré lèèyàn á fi kan ibi tí wọ́n ti pàdé, gúlùù náà á sì fà wọ inú àlàfo fúnra rẹ̀. Bó bá kán sójú ara ọkọ̀, á jẹ ẹ́ wọlé, àpá náà kò sì ní lọ àfi bí a bá tún fi sáńpépà rà á. Súpà gúlùù náà ní tirẹ̀: bí wọ́n bá fi lẹ ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ṣe fèrèsé ọkọ̀, èéfín rẹ̀ á sọ ọ́ di funfun fọ́ọ́. Ìmọ̀ nípa kẹ́míkà nìyí, ẹni tó ti ba fèrèsé kan jẹ́ rí kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Ìwọ̀n gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀. Ìwọ̀n 1:24 àti 1:25 ló wọ́pọ̀ jù fún ọkọ̀ ike títò. Ẹ mú Volkswagen Beetle, tí àwọn èèyàn wa mọ̀ sí ìjàpá. Gígùn rẹ̀ tó mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Bí a bá fi 24 pín in, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n páànù tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ gidi kò nípọn tó mìlímítà kan; ìdá kan nínú 24 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.04 mìlímítà, ó tín-ín-rín ju bébà tí à ń kọ̀wé sí lọ. Ike kò ṣeé dà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ara àwòṣe bá nípọn tó mìlímítà kan, bí ẹni pé páànù ọkọ̀ gidi nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ni. Nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ á mú abẹ, á ha etí máàdígáàdì láti inú, níbi tí ojú ti lè rí i, títí yóò fi jọ páànù, á sì fi ibi tí ojú kò dé sílẹ̀ bó ṣe wà. Bákan náà ni ọ̀dà rí. Gbogbo ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ gidi jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ọ̀dà tí a bá fi sára àwòṣe, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ó sì lè dí ilà tó yí ìlẹ̀kùn ká pa. Bí ọ̀dà náà bá jẹ́ irú èyí tó ń dán yẹ́ríyẹ́rí, ègé irin kéékèèké inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti kéré. Wọ́n á hàn gàgàrà lójú, àfi tí èèyàn bá wá èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná jùlọ. Táyà ńkọ́? Dúdú kirikiri kò bá a mu, torí táyà gidi lójú títì ti ṣá díẹ̀. Àwọ̀ eérú tó ṣú ló ń jẹ́ kó jọ táyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé rí nínú èyí ni pé ìṣirò nìkan kò lè parí iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tó bá ìwọ̀n mu ní gbogbo ọ̀nà lè má jọ ọkọ̀ tí a mọ̀, nítorí pé òkè ni a ti ń wo àwòṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ la ti ń wo ọkọ̀ gidi. Àwọn tó ń gbẹ́ irin fún páálí tó dára mọ èyí, wọ́n sì máa ń tún ìrísí ṣe díẹ̀ kí ojú lè gbà á. Ẹni tó ń tò ó náà ń ṣe irú ìpinnu yìí ní gbogbo ìgbà. Ìpinnu yẹn ni mo ń pè ní ìmọ̀.

Láti inú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí sì ti dàgbà, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí Detroit wà, ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ AMT sílẹ̀ ní 1948, kí ó lè máa ṣe ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ńlá ń fún oníbàárà tàbí tí wọ́n ń gbé síwájú ìsọ̀. Ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá dé, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní láti fún wọn ní àwòrán iṣẹ́ tí aráàlú kò tíì rí. Ní 1958, AMT bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ kan náà ní títú sínú páálí, pẹ̀lú ẹ̀yà tó pọ̀ débi pé ẹni tó rà á lè yàn nínú ọ̀nà mẹ́ta: kó tò ó bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, kó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe fẹ́, tàbí kó sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdíje. Yíyàn yẹn ṣe pàtàkì, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jùlọ ni ti ìdíje tí Fisher Body, ẹ̀ka General Motors tó ń ṣe ara ọkọ̀, dá sílẹ̀ ní 1930 tí wọ́n pè ní Fisher Body Craftsman's Guild. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ayé Napoleon, èyí tó wà lára àmì ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe àwòṣe rẹ̀; láti 1937, wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá ronú gbé kalẹ̀ kún un. Ẹ̀bùn owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà fún àwọn tó bá gbégbá orókè. Chuck Jordan gbà á ní 1947, ó wọ General Motors ní 1949, ó sì di olórí gbogbo àwọn tó ń gbé ìrísí ọkọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti 1986 sí 1992. Òun nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà yìí wọ iṣẹ́. A lè sọ pé ẹni tó ní ẹ̀bùn yóò rí ọ̀nà lọ láìsí ìdíje kankan, a sì lè sọ pé ìpolówó ọjà ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fẹ́ mọ ọmọ tó ní ojú àti ọwọ́, iṣẹ́ tó lè fi hàn wọ́n ni wọ́n béèrè, àwòṣe ni wọ́n sì yàn. Wọ́n sì ń bá a lọ títí di 1968. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ìdajì àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè náà kò rí ìlẹ̀kùn tí Jordan gbà wọlé.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò gbé dìde lónìí ni kọ̀ǹpútà. Bí a bá lè ya ọkọ̀ sójú kọ̀ǹpútà kí a sì yí i ká bó ṣe wù wá, tí ẹ̀rọ sì wà tó lè tẹ odidi nǹkan jáde, kí ni a tún ń ra sáńpépà sí? Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ti dá a lóhùn nípa ohun tí wọ́n ń ṣe. Harley Earl, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ìrísí ọkọ̀ ní General Motors ní 1927, ló sọ fífi amọ̀ mọ ọkọ̀ di àṣà níbẹ̀. Títí di òní, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà, ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì ń fi amọ̀ tí wọ́n mú gbóná mọ ọkọ̀ ní ìwọ̀n kékeré, lẹ́yìn náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìdí ni pé ojú kọ̀ǹpútà kò lè fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré lórí ìlẹ̀kùn hàn bí ojú ṣe ń rí i lójú ọ̀sán, ọwọ́ kò sì lè kàn án. Ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde wúlò gan-an fún ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jáde ṣì ń béèrè fífọ̀, ríra àti kíkùn.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ, àwa ará Nàìjíríà la sì lè sọ ọ́ dáadáa jù. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ tí wọ́n tú sínú àpótí ni wọ́n ń kó wọ̀lú. Ọkọ̀ tí Volkswagen tò tí wọ́n pè ní Igala, Brazil ló ti wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí ẹ̀yà láti òkè òkun sì di ọ̀wọ́n gógó, iṣẹ́ náà rọlẹ̀, tòkunbọ̀ gba ìgboro. Bí títo ọkọ̀ gidi láti inú àpótí kò bá sọ wá di ẹni tó ń ṣe ọkọ̀, báwo ni títo ọkọ̀ ike yóò ṣe kọ́ni ní nǹkan kan? Ìdáhùn mi ni pé ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tó ní àṣẹ láti yàn. Òṣìṣẹ́ ìlà títò kò lè sọ pé bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí kò wu òun, òun fẹ́ rọ òmíràn. Ẹni tó jókòó ti páálí lè sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni yóò rí àbájáde rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá kàn tẹ̀ lé ìwé atọ́nà láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn kò kọ́ púpọ̀. Ìgbà tó bá mú ẹ́ńjìnnì páálí kan wọ inú ọkọ̀ páálí mìíràn, tó rí i pé kò wọlé, tó wá ń wá ohun tó yẹ kó gé, ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ ládùúgbò wa ń ṣe ìyẹn láìní páálí rárá, bí wọ́n bá sì fún ọ̀pọ̀ wọn ní rúlà àti àwòrán ọkọ̀ tó péye, iṣẹ́ wọn á yàtọ̀.

Àwọn tó ń kó páálí jọ láìtò wọ́n ńkọ́? Àwọn kan ń tọ́jú páálí tí wọn kò ṣí rí nítorí pé owó rẹ̀ ń gòkè. Mi ò bá wọn jà, nítorí pé àwọn ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ mọ́ tí ìbá ti sọnù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: nígbà tí Hobbico, tó ni Revell, wọ gbèsè ní 2018, àwọn ará Jámánì ló ra Revell. Round 2 ní ìpínlẹ̀ Indiana ló ni AMT àti MPC, ilé-iṣẹ́ páálí mìíràn, báyìí. Irin tí wọ́n fi ń da ẹ̀yà ike máa ń tẹ̀ lé orúkọ láti ọwọ́ kan dé òmíràn, òmíràn sì máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n páálí tí a kò ṣí kò sinmi. Èròjà tó mú kí táyà àtijọ́ rọ̀ máa ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì jẹ ike tó bá kàn wọlé. Ọkọ̀ irin tí a kò tò náà kò bọ́: nínú àwọn ọkọ̀ ìṣeré Dinky tí ilé-iṣẹ́ Frank Hornby ṣe ní Liverpool ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, òjé tó dà pọ̀ mọ́ irin zinc ti mú ọ̀pọ̀ wọn sán, tí wọ́n ń rún wómúwómú.

Ti owó ló kù. Páálí tó dára láti Japan wọ́n, ọ̀dà rẹ̀ wọ́n, gbígbé e wọ Èkó tún wọ́n, mi ò sì lè sọ fún òbí tó ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́ pé kó lọ rà á. Ṣùgbọ́n páálí kọ́ ni àwọn ọmọ tó wọ ìdíje Fisher Body rà. Ìwé pẹlẹbẹ ni ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí wọn, tó ṣàlàyé bí a ṣe ń ya ọkọ̀ àti bí a ṣe ń gbé e láti orí bébà sórí igi. Àwọn fúnra wọn ló wá igi, amọ̀ àti ọ̀dà, tí wọ́n gbẹ́ ríìmù, tí wọ́n sì ra ara ọkọ̀ náà títí tó fi ń dán. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ní olùkọ́ iṣẹ́ igi kan, l'Ábẹ́òkúta tàbí l'Ọ́ṣogbo, lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kó sì gba ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin wọlé lọ́jọ́ kan náà.