Bí ògiri kò bá lanu: ààbò kọ̀ǹpútà ní ilé ìtajà kékeré

Ìwé gbèsè kì í ṣe ohun tuntun fún oníṣòwò. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé a máa fi ẹfun fa ilà sára ògiri, ilà kan fún gbèsè kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ dé. Lónìí, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn oníṣòwò wà tí wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ oníbàárà wà níbẹ̀. Iye ọjà tó kù wà níbẹ̀. Gbèsè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà náà lè kéré, ṣùgbọ́n làálàá ọdún púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ṣọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àpótí owó. Wọ́n a ní: “Ta ni yóò wá mi wá? Ọjà mi kéré. Báńkì ńlá ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá.” Ọ̀rọ̀ yìí jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017 fi èyí hàn gbangba.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ètò kọ̀ǹpútà búburú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó ju 200 000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Bí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, a ti gbogbo ìwé inú rẹ̀ pa, bí ìgbà tí ènìyàn fi àgádágodo ti àpótí. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹni tó ni ín san 300 dọ́là kí wọ́n tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn dá aláìsàn padà sílé. Ní ilẹ̀ Faransé, Renault dá iṣẹ́ dúró ní díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀.

WannaCry kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò yan olówó, kò yan tálákà. Ńṣe ló ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì, bí olè tó ń ti ilẹ̀kùn wò lóru. Èyí tó bá ṣí, ó wọlé. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí Wi-Fi kan náà dà bí yàrá méjì nínú ilé kan. Olè tó bá wọ ọ̀kan kò jìnnà sí èkejì mọ́.

Ohun tó dunni jù ni pé àtúnṣe ti wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, Microsoft, tó ṣe ètò Windows, ti gbé àtúnṣe tó dí ihò náà jáde. Ẹni tó gbà á dí ihò náà. Ẹni tó ní “ó di ọ̀la” fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Báwo ni oníṣòwò kékeré ṣe lè dí ògiri tirẹ̀?

Èkíní ni àtúnṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé àtúnṣe dé, kí ó gbà á. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n owó dátà kò tó àdánù ìwé gbèsè. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ kò yẹ ní ibi tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí.

Èkejì ni ẹ̀dà. Kí ó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sórí USB ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ṣe é tán, kí ó yọ ọ́, kí ó sì gbé e lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀dà tí a fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, àrùn kan náà ni yóò mú un. Kí ó máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ pé ó pé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Èyí tó bá àpótí Wi-Fi wá láti ilé iṣẹ́, kí ó yí i padà. Kí ó má ṣe kọ ọ́ sára ògiri. Kí ó má ṣe fún oníbàárà ní Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà ìṣirò wà lórí rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tún un yí padà.

Ẹ̀kẹrin ni ìfura. Bí lẹ́tà bá dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó ń kó ọjà fún un ti yí padà, kí ó má ṣe sanwó. Kí ó kọ́kọ́ pe onítọ̀hún sórí nọ́ńbà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà. Bákan náà, kí ó má ṣe ṣí ìwé tí ẹni tí kò mọ̀ rí fi ránṣẹ́.

Bí ibi bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí ó tètè gé kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí Wi-Fi, kí àrùn má bàa ràn. Kí ó má ṣe kánjú sanwó, nítorí kò sí ohun tó dáni lójú pé olè yóò mú ìlérí ṣẹ. Kí ó lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ní ìjìyà fún irú olè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀dà lè pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò ní lè pàdánù gbogbo ìwé gbèsè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajigbèsè kì í rántí iye tó jẹ bí ẹni tó yá a lówó. Kò sí oníṣòwò tó ń lọ sílé lálẹ́ láìti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní ilẹ̀kùn. Kí ó ti ìyẹn pẹ̀lú kí ó tó lọ.