Bí Baálé Bá Ń Jí Tọ̀ Lóru, Ẹ Má Dákẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wa ni.

Ọ̀kan nínú wa ni ọkọ rẹ̀ ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru lọ tọ̀. Bó bá débẹ̀, yóò dúró títí, ìtọ̀ á kàn máa kán tó, tó. Ìyàwó rò pé àtọ̀sí ló kó níta, ìjà ló bá dé. Ìtìjú ò jẹ́ kí baba sọ̀rọ̀, agbo ló ń mu ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú un, ó ra oògùn ọ̀fìnkìn lò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ dí pátápátá. Abẹ́ ikùn rẹ̀ le bí ìlù, ó ń ké bí ọmọdé. Ọsibítù ni wọ́n ti fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti gbọ́ pé kì í ṣe àtọ̀sí rárá. Òun ló ní kí a kọ ọ́ síwèé, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Kí ni àìsàn náà? Kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní pirósíteètì. Ó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Bí ọkùnrin bá ti ń tó 50 ọdún, kókó yìí a máa tóbi sí i. Nígbà tó bá yá, á fún ọ̀nà ìtọ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè mú kókó yìí kan náà, ó sì ń mú àwa èèyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Àyẹ̀wò ló lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Àmì rẹ̀ nìyí: kó máa jí tọ̀ lóru léraléra, kí ìtọ̀ pẹ́ kó tó jáde, kó má lágbára, kó máa kán sí ṣòkòtò, kó ṣe bí ẹni pé kò tán nínú, kó máa gbọ̀n ọ́n lójijì tí kò ní lè mú un mọ́ra.

Bí ẹ bá rí i, ẹ mú baba lọ sí ọsibítù. Wọn á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àtọ̀gbẹ ni. Dókítà lè fi ìka wo ihò ìdí láti mọ bí kókó náà ṣe tó. Kì í pẹ́ rárá, kí baba má torí ìyẹn sá. Oògùn kan wà tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òmíràn ń mú kókó náà súnkì, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó oṣù 6, kí ẹ má torí pé ó pẹ́ kí ẹ dá a dúró. Ẹni tí oògùn ò bá ràn lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ wà.

Nílé, kó dín omi mímu kù láti wákàtí 2 kó tó sùn, ṣùgbọ́n kó mu ún dáadáa lọ́sàn-án. Kó dín ọtí àti kọfí kù. Bó bá tọ̀ tán, kó dúró díẹ̀, kó tún gbìyànjú. Bẹ́ẹ bá fẹ́ ra oògùn ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn fún un, ẹ kọ́kọ́ sọ àìsàn yìí fún ẹni tó ń tà á.

Bí ìtọ̀ bá dí, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá a jáde, tàbí tí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ìtọ̀ tó bá há sínú pẹ́ a máa ba kídìnrín jẹ́.

Ẹ má bú u, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ. Ẹni tí a bá sùn la mọ ìnira rẹ̀ lóru. Ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́ lálẹ́ òní. Ọlọ́run á dá àwọn baálé wa sí fún wa o. Àmín.