Ṣé O Mọ̀ Pé RNA Náà Mọ Iṣẹ́ Ọ̀bẹ Í Ṣe?

Ṣé o mọ̀ pé bakitéríà kékeré tó ń gbé inú ìfun èèyàn ló gbé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan dé ibi ẹ̀bùn Nobel? E. coli ni bakitéríà náà, Sidney Altman sì ni onímọ̀ náà. Lọ́dún 1989, òun àti Thomas Cech jọ pín ẹ̀bùn ti kẹ́místrì. Olúkúlùkù wọn ló ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibì kan náà ni wọ́n sì já sí: RNA, tí àwọn onímọ̀ kà sí ìránṣẹ́ lásán nínú sẹ́ẹ̀lì, ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní purotéènì nìkan ló lè ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ àwọn tó ṣí wá sí Kánádà ni Altman? Ìlú Montreal ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1939. Ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìhunṣọ, bàbá rẹ̀ sì ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìròyìn bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù gba ayé kan, láti ìgbà náà sì ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí sáyẹ́ǹsì.

Ṣé o mọ̀ pé físíìsì ló kọ́kọ́ kọ́? Ó gboyè ní MIT lọ́dún 1960, ó sì tún bá wọn gbá họ́kì orí yìnyín níbẹ̀. Ó lọ sí Columbia láti tẹ̀ síwájú nínú físíìsì, kò parí ẹ̀. Yunifásítì Colorado ló ti wá gboyè dókítà lọ́dún 1967.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tó torí ẹ̀ lọ sí Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ló ṣe níbẹ̀? Ọdún 1969 ló dé ọ̀dọ̀ Sydney Brenner àti Francis Crick. Ó fẹ́ wádìí bí tRNA ṣe rí, ìyẹn RNA tó ń gbé amino acid lọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to purotéènì. Wọ́n sọ fún un pé àwọn mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ìyẹn, kó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó wá a, ó sì rí i.

Ṣé o mọ̀ pé tRNA kì í gún régé nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde? Bí aṣọ tí télọ̀ kò tíì gé etí rẹ̀ ló máa ń rí: àlékún wà níwájú, àlékún wà lẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì tètè máa ń gé àlékún yìí kúrò, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti rí i mú. Altman àti John D. Smith rí ọ̀kan mú, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1971. Nucleotide, ìyẹn ẹyọ tó so pọ̀ di RNA, 41 ló lé níwájú rẹ̀, 3 lé lẹ́yìn.

Ta ló wá ń gé e? Ẹ́ńsáìmù kan ni, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú sẹ́ẹ̀lì tí òun fúnra rẹ̀ kì í yí padà. RNase P lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gé àlékún iwájú dànù, níbi tó yẹ gan-an, láìṣì í gé. Altman kó ìbéèrè nípa ẹ́ńsáìmù yìí dání lọ sí Yunifásítì Yale lọ́dún 1971 kan náà, Yale ló sì fi ṣe ibùjókòó títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà náà, bí o bá sọ pé ẹ́ńsáìmù kan kì í ṣe purotéènì, wọn yóò ní o kò mọ̀wé? Láti ọdún 1926 tí James Sumner ti fi ẹ́ńsáìmù urease hàn gẹ́gẹ́ bíi purotéènì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń fìdí múlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Benjamin Stark, akẹ́kọ̀ọ́ ní láàbù Altman, ṣàkíyèsí pé bí òun ṣe ń fọ RNase P mọ́ tó, RNA kan kò yéé bá a rìn. Wọ́n da nǹkan tó ń jẹ RNA run sí i; RNase P kú fin-ín. Wọ́n kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1978 pé ẹ́ńsáìmù yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí RNA. Síbẹ̀, àwọn fúnra wọn kò tíì gbójú gbóyà sọ pé RNA náà gan-an ló ń gé nǹkan.

Ṣé o mọ̀ pé RNA yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n RNase P ti E. coli? Nucleotide 377 ló ní. Purotéènì tó bá a rìn kò ju amino acid 119 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé túùbù tí ẹnikẹ́ni kò retí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló tú àṣírí? Lọ́dún 1983, láàbù Altman àti ti Norman Pace jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀: wọ́n mú RNA láti ara bakitéríà kan, wọ́n mú purotéènì láti ara òmíràn, wọ́n pò wọ́n pọ̀ láti wò ó bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́. Cecilia Guerrier-Takada, ní láàbù Altman, to àwọn túùbù àfiwéra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, RNA nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí purotéènì. Omi tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà ní magnesium ju èyí tí wọ́n máa ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, RNA ti dá gé tRNA láìsí olùrànlọ́wọ́.

Àwọn oníyèméjì ní bóyá ìyókù purotéènì ló lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́dún 1984, Guerrier-Takada àti Altman ṣe RNA náà látinú jíìnì rẹ̀ nínú túùbù, RNA tí kò tilẹ̀ dé inú bakitéríà rí. Ó ṣì gé e. Ẹjọ́ parí.

Kí ni ìyàtọ̀ sí ti Cech? RNA tí Cech rí lọ́dún 1982 lára Tetrahymena, ẹ̀dá inú omi, ara rẹ̀ ló ń gé. Ti Altman ń gé ẹlòmíì, á fi í sílẹ̀, á tún mú òmíràn, òun fúnra rẹ̀ kò sì yí padà. Ẹ́ńsáìmù pọ́nńbélé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé purotéènì kékeré yẹn kò di aláìwúlò? Magnesium inú sẹ́ẹ̀lì kò pọ̀ tó ti túùbù, nítorí náà E. coli kò lè wà láàyè láìsí purotéènì náà.

Ṣé o mọ̀ pé ìwádìí yìí kan ìbẹ̀rẹ̀ ayé? DNA nílò purotéènì kó tó lè di méjì, purotéènì sì nílò DNA kí wọ́n tó lè ṣe é. Èwo ló ṣáájú? Bí RNA bá lè gbé ìròyìn, tó tún lè ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí òun ti wà ṣáájú àwọn méjèèjì. Walter Gilbert gbé èrò yìí jáde lọ́dún 1986.

Ṣé o mọ̀ pé Altman gbìyànjú láti sọ ọ̀bẹ yìí di ohun ìjà? Lọ́dún 1997, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ darí RNase P láti gé RNA tó ń jẹ́ kí bakitéríà borí oògùn. Bakitéríà tí kò gbọ́ ti ampicillin àti chloramphenicol mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tiwọn nínú láàbù.

Altman ṣe díìnì Yale College láti 1985 sí 1989, ọdún tí ẹ̀bùn náà dé. Ó kú lọ́jọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 82.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò ní láàbù, túùbù tí o rò pé kò ní ṣe nǹkan kan, wò ó dáadáa kó o tó dà á nù.