Bí ẹ bá rí kókó nínú ọmú yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sọ níta. Ọ̀rọ̀ ọmú obìnrin ni. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á wolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmú yìí kan náà ni gbogbo wa mu dàgbà. Ó yẹ kí a lè sọ̀rọ̀ nípa ìlera rẹ̀.

Àrùn kan wà tí a ń pè ní jẹjẹrẹ ọmú. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ní Tchamba tàbí ní Sokodé, ẹ lè rí i lórí ìwé báyìí: cancer du sein. Obìnrin ni ó ń mú jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkùnrin díẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, nǹkan bí obìnrin 2,300,000 ni a rí i lára wọn ní gbogbo ayé. Àwọn tí ó pa ní ọdún náà tó 670,000. Àwọn kan ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń mú obìnrin ìlú ńlá, ó sì ń mú obìnrin oko.

Báwo ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Ara wa kún fún àwọn hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń pín sí méjì, àwọn tí ó gbó ń kú, àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn. Ara mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dúró, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ṣe ń ga dé ìwọ̀n kan tí ó sì ń dúró. Nígbà mìíràn, hóró kan á bàjẹ́. Kò ní gbọ́ràn sí ara lẹ́nu mọ́. Á máa pín, á máa pín, títí yóò fi di kókó.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ẹ̀kan. Bí ẹ̀kan bá wọ oko, kì í dúró sójú kan. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, á tún hù níbi tí ẹ kò rò. Bí ẹ bá gé ewé rẹ̀ nìkan, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Jẹjẹrẹ rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gba inú ọmú lọ sí abíyá, á sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú egungun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìdì ẹ̀kan kan ṣoṣo, ẹ lè wa á kúrò ní òwúrọ̀ kan. Oko tí ó ti kún fún ẹ̀kan ńkọ́?

Kí ni ó ń fà á? Kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú kò tíì pé 50 ọdún. Bí ìyá yín bá ti ní in, tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tàbí àbúrò yín obìnrin, ẹ ṣọ́ra jù. Ọtí mímu ń fi kún ewu rẹ̀, ìbáà ṣe bíà, ìbáà ṣe sódábì. Sísanra jù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró náà ń fi kún un. Fífún ọmọ lọ́mú ń dín in kù, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà ṣì lè ní in. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń mú ni kò ní ohunkóhun tí a lè tọ́ka sí, àfi pé obìnrin ni wọ́n, wọ́n sì ti kọjá 40 ọdún.

Jẹjẹrẹ ọmú kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ẹ lè jọ sùn lórí ẹní kan. Ọmọ tí ó mu ọmú náà kò lè kó o. Owó tí obìnrin ń fi sínú kọ́mú kọ́ ni ó ń fà á. Orogún kọ́, àjẹ́ kọ́. A ń sọ èyí gbangba nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí ó ṣe é kiri ilé, kókó náà ń dàgbà.

Àwọn àmì rẹ̀

Àmì tí ó wọ́pọ̀ jù ni kókó líle nínú ọmú tàbí ní abíyá. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé kókó yìí kì í sábà dun ni. A ti mọ́ ọn lára pé ohun tí kò bá dun ni, kò lè pa ni. Níbi tí a bá ti ń rò bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà á ti kọjá.

Awọ ọmú náà lè yípadà. Ó lè ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn, ó lè wọnú níbì kan, ó lè pọ́n. Orí ọmú tí ó yọ síta tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wọnú. Omi tàbí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lára rẹ̀. Egbò tí kò jinná lè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọmú wọn kò dọ́gba láti ìgbà èwe, èyí kì í ṣe àrùn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tóbi tàbí tí ó ń yí ìrísí padà, ẹ lọ fi hàn.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Púpọ̀ nínú kókó tí obìnrin ń rí kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọ̀dọ́bìnrin. Ọwọ́ nìkan ni kò lè mọ ìyàtọ̀, ọwọ́ yín kò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ tiwa náà kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fetí sí èyí. Bí ọmú bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì mú yín, ó sábà jẹ́ pé wàrà dì síbẹ̀ tàbí pé ó ń gbọn. Oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lo oògùn tí nọ́ọ̀sì fún yín tán, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, tí ọmú náà ṣì wú, ẹ padà lọ. Ẹ má lọ ra oògùn kejì lórí àtẹ ní ọjà. Jẹjẹrẹ kan wà tí ó máa ń farahàn bí ọmú tí ó wú báyìí gan-an.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ̀ bí ohun kan bá yípadà? Ẹ ní láti mọ bí ọmú yín ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń rí nǹkan oṣù, kí ó wò ó ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá dáwọ́ dúró, nítorí ṣáájú ìgbà náà ọmú máa ń le. Ẹni tí kò rí i mọ́ lè mú ọjọ́ tí oṣù bá lé. Nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, tí ọṣẹ ṣì wà lára, ẹ gbé ọwọ́ kan sórí. Ẹ fi ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì tẹ ọmú náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yíká, láti etí títí dé orí ọmú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ abíyá. Ẹ má ṣe fi ìka méjì fún un bí ẹni fún ọsàn, nítorí gbogbo ọmú ni ó máa ń dàbí kókó bí a bá fún un bẹ́ẹ̀.

Wíwò yìí kò rọ́pò dókítà o. Ní ìlú Shanghai ní ilẹ̀ China, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin tí ó lé ní 130,000 láti máa yẹ ọmú wọn wò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò ní 2002, ikú jẹjẹrẹ ọmú láàárín wọn kò dín ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rí kókó ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀nà Sokodé

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan ní Kambolé. Àsìkò kíkọ ebè ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, mo rí kókó kan níbí.” Ọkọ rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé ó ń dùn ọ́?” Ó ní, “Kò dùn mí.” Ọkọ rẹ̀ ní, “Jẹ́ kí a wa iṣu ná.” Kò sí ẹni burúkú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó kò sí, iṣẹ́ oko ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí iṣu jáde, kókó náà ti tó ẹyin adìẹ. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan, ó sín gbẹ́rẹ́ sí i, ó fi ewé dì í. Owó iṣu bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gun sẹ́mijàn lọ sí Tchamba, ọmú ti di egbò, owó sì ti tán.

Láti 2014 sí 2017, àwọn olùwádìí gba orúkọ àwọn obìnrin tí ó lé ní 2,000 tí jẹjẹrẹ ọmú mú ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí ìdajì wọn ti kú. Wọ́n ṣe ìṣirò pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ikú wọ̀nyí ni ìbá má ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tètè mọ àrùn náà, tí wọ́n sì rí ìtọ́jú pípé. Wọ́n ka àwọn ọmọ pẹ̀lú. Bí 100 obìnrin tí kò tíì pé 50 ọdún bá kú, ọmọ 210 ni ó ń di aláìníyàá.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí kókó, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ọjọ́, oṣù, ọdún, ọmú ọ̀tún tàbí ọmú òsì. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ní Kambolé. Òun ni yóò kọ ìwé tí ẹ óò fi lọ sí Tchamba, tàbí sí CHR ní Sokodé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, ní kí ó má ju 60 ọjọ́ lọ láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn títí di ọjọ́ tí wọ́n máa mọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ óò padà, kí ẹ kọ ọ́.

Ẹ óò rí àwọn ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé wọn. Échographie ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọmú láti òde, kò dun ni. Mammographie ni fọ́tò inú ọmú. Biopsie ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni ó ń sọ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé Lomé ni wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, àrùn á tú ká. Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ìtọ́jú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà mìíràn wọ́n ń yọ kókó nìkan, nígbà mìíràn wọ́n ń yọ gbogbo ọmú. Chimiothérapie ni oògùn líle tí a ń fà sára lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Radiothérapie ni ìtànṣán tí ń pa ohun tí ó kù. Àwọn kan á máa lo oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ tamoxifène lójoojúmọ́, fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti yá, ẹ má sì ṣe lóyún nígbà tí ẹ bá ń lò ó.

Ìtọ́jú yìí ń náni lówó, a kò ní pa irọ́ fún yín. Láti Sokodé dé Lomé lé ní 300 kìlómítà, a sì gbọ́dọ̀ sùn, a gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀. Ètò AMU bẹ̀rẹ̀ ní Tógò ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè wọ̀ ọ́, ohun tí ó ń san àti ohun tí kò san. Ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nígbà tí iṣu àti ẹ̀wà sójà ṣì wà nínú àká. Owó tí a fi ṣe biopsie ní oṣù àkọ́kọ́ wúlò ju èyí tí a wá lẹ́yìn ọdún kan lọ.

Gbígbé pẹ̀lú rẹ̀

Àwọn obìnrin wà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì padà sí oko àti ọjà. Bí irun bá jẹ lórí nítorí oògùn, á tún hù. Bí oúnjẹ kò bá wù yín, ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀: ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀pà àti sójà sí, ẹyin, ẹ̀wà, èso. Bí ẹ bá jẹ́ mùsùlùmí, ẹsìn yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó má gbààwẹ̀. Ẹ bá dókítà àti áfáà sọ̀rọ̀ kí Ramadan tó dé.

Ohun kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ibà bá mú ẹni tí ó ń gba chimiothérapie, kí ó má sọ pé ibà ẹ̀fọn lásán ni. Oògùn náà ń sọ agbára ara di kékeré, àrùn mìíràn sì lè tètè pa á. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin tí a yọ ọmú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyàwó yín. Bí ó bá fẹ́, kí ó rán aṣọ rírọ̀ bí àpò kékeré, kí ó fi òwú sínú rẹ̀, kí ó fi sínú kọ́mú. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Bí wọ́n bá yọ nǹkan ní abíyá, apá ìhà ibẹ̀ lè máa wú. Kí wọ́n má fún un ní abẹ́rẹ́ ní apá náà, kí wọ́n má sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀. Bí ó bá ń roko, kí ó fi aṣọ tàbí ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, nítorí ẹ̀gún àti koríko. Bí ó bá gé ara rẹ̀, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó máa gbé ọwọ́ sókè níwọ̀n bí dókítà bá ṣe sọ, kí ó máa ya irun rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyán gígún àti omi rírù, kí àwọn ọmọ ṣe é fún un títí dókítà yóò fi ní ó tó.