Orúkọ Ẹlòmíràn Nínú Ìwé Ilẹ̀

Muṣin, ìlú tí àwọn àgbà ní igi iṣin ló fún un lórúkọ, kò tí ì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bo oko níbẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ń ṣàkóso rẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Láyé ìgbà náà, ẹni tí iṣẹ́ rélùwéè gbé lọ sí Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, tí ó sì ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí lọ́jọ́ ogbó, a máa fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó bá òun san án fún onílẹ̀. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ẹni tó wà níwájú wọn ni onílẹ̀ mọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni wọn a kọ sínú rìsíìtì. Ara kò fu ẹnikẹ́ni, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá papò dà, tí àwọn ọmọ tú àpótí baba wọn, ni ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn lè má fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń bẹ̀ ẹ́.

Ní ilé ẹjọ́, ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù: bí ẹ̀rí bá fi hàn pé owó àbúrò ló ra ilẹ̀, ẹni tí ń bá a tọ́jú rẹ̀ lásán ni òfin ka ẹ̀gbọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí baba bá fi orúkọ ọmọ rà á, tàbí tí ọkọ fi orúkọ ìyàwó rà á, ẹ̀bùn ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ kà á sí, àfi bí ẹ̀rí bá wí òmíràn. Ìwé báńkì, lẹ́tà àtijọ́, àti ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ka owó ní í gbeni.

Òfin le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì tọ́ kí ó le. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàṣẹ pé kí ó kéde dúkìá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì ṣègbéyàwó, tí wọn kò sì tó ọmọ ọdún 18; bí ó bá sì gba ẹ̀yìn ẹlòmíràn ṣe ohun tí òfin náà kà léèwọ̀, òun gan-an ló ṣe é. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ lè yọ ọ́ nípò, kí ó fòfin dè é kúrò nípò ìjọba fún iye ọdún tí kò ju 10 lọ, kí dúkìá tó fi ipò kó jọ sì di ti ìjọba.

Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń pe àṣà fífi orúkọ ẹlòmíràn ra dúkìá ní “benami”, èyí tí í ṣe “láìlórúkọ”, òfin ọdún 1988, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, lè rán ẹni tó bá dán an wò lọ sẹ́wọ̀n ọdún 1 sí 7.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n ní Muṣin lónìí, kí àwọn méjèèjì jọ tọ lọ́yà lọ nígbà tí ẹ̀mí ṣì ń bẹ, kí ẹ̀gbọ́n buwọ́ lùwé pé orúkọ ni òun yá àbúrò, kí wọ́n sì gba àṣẹ Gómìnà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 bèèrè fún, kí orúkọ tó lè yí padà.