Yunifásítì Aládàáni tí Kì Í Ṣe fún Èrè: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó San Owó?

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, bàbá àgbà kan nínú ìjọ mú ìwé kan wá bá mi. Aṣojú kan ni ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ ní Ìbàdàn, tí ó sì ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni pé yunifásítì aládàáni kan ní Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe fún èrè, ti ṣe tán láti gbà á wọlé, àti pé ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà tí ń ṣiṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ti ń kàwé. Bàbá náà ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀ kan. Ó bi mí pé, "Akọ̀wé, bí ó bá jẹ́ aládàáni, ta ni ó ni ín? Bí kì í bá sì ṣe fún èrè, èéṣe tí owó rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí?"

Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin àlùfáà tí àwọn ọmọ ìjọ ń tọ̀ wá fún ìmọ̀ràn, ti bá irú wọn pàdé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé wọn níhìn-ín.

Aládàáni túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìjọba ni ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1999, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún Babcock àti àwọn méjì mìíràn ní ìwé àṣẹ, ni a ti ní irú wọn nílé. Bowen tẹ̀ lé e ní ọdún 2001, Ajayi Crowther sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jẹ́ òwò: wọ́n ní àwọn onípìn-ín, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń pín èrè. Àwọn kejì kò ní onípìn-ín rárá. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ni ó ń darí wọn, owó tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó sì gbọ́dọ̀ padà sínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Nítorí èyí ni ìjọba kò ṣe gba owó-orí lórí èrè lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn sì gbọ́dọ̀ fi ìṣirò owó wọn hàn lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí ọ̀fẹ́. Owó ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń san owó oṣù olùkọ́.

Kí a mú Golden Gate University, ní ìlú San Francisco, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí inú ẹgbẹ́ Kristẹni ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1844 ni George Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹgbẹ́ YMCA sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ kó wá sí ìlú ńlá. Ẹgbẹ́ náà dé San Francisco ní ọdún 1853, nígbà tí wúrà ti sọ ìlú náà di ìlú èrò. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kò lè lọ sí ilé-ìwé ọ̀sán, nítorí náà alẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ní ọdún 1901, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin ní alẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1906, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná ba ìlú náà jẹ́, ilé YMCA sì bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ alẹ́ náà kò kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Golden Gate College ní ọdún 1923; ó dá dúró kúrò lára YMCA lẹ́yìn náà; ó sì di yunifásítì ní ọdún 1972.

Títí di òní, irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ náà. Wọ́n máa ń ṣètò ẹ̀kọ́ sí ìrọ̀lẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ó níṣẹ́ tí ó sì ní ẹbí lè rí i ṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni: oníṣirò owó ń kọ́ni ní ìṣirò owó, agbẹjọ́rò sì ń kọ́ni ní òfin.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè gbà wọlé, ṣùgbọ́n òfin tí ó de èkejì kò de èkíní. Òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà lè mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lo físà akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní F-1, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba iye ẹ̀kọ́ tí ó pé. Nínú ìyẹn, ẹ̀kọ́ kan péré ni a lè kà fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní sáà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá sì ń ṣe kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà, aṣojú tí ó bá sọ pé, "Wọn a máa gba òṣìṣẹ́, ìwọ náà yóò ṣiṣẹ́ san owó ilé-ìwé rẹ," ti fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn tan ọmọ wa jẹ.

Ọ̀rọ̀ físà fúnra rẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, òun dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní oríṣi àwọn físà kan dúró, ti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa yí padà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ni kí a ti wádìí rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí yóò gba owó wa.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe fún èrè kò lè ṣubú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Golden Gate kéde pé ẹ̀kọ́ òfin tí ó ń sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò, tí ó ti wà láti ọdún 1901, yóò parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nítorí pé iye akẹ́kọ̀ọ́ ti dín kù, àwọn tí ń yege nínú ìdánwò àwọn agbẹjọ́rò kò sì tó. Ẹ̀ka mìíràn ń bá iṣẹ́ lọ. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìfọwọ́sí àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba mọ̀, ó ní láti ṣètò bí àwọn tí kò tíì parí yóò ṣe lè parí ẹ̀kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ òfin mìíràn. Níbi tí kò bá sí ìfọwọ́sí, kò sí ẹni tí a óò mú.

Àwa náà rí i nítòsí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìgbéyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ó kàwé tọkàntọkàn jìyà pẹ̀lú ẹni tí ó rà á.

Nítorí náà, kí a tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí a béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà nínú àkójọ àwọn tí ó ní ìfọwọ́sí, èyí tí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà gbé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn? Ṣé Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ wa yóò gba ìwé ẹ̀rí náà, pàápàá bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti kà á? Ṣé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wa fẹ́ kọ́ kò sí nítòsí? Yunifásítì ìjọba tí ń kọ́ni láti òkèèrè, NOUN, wà fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kún àdúrà tí ẹ ń gbà fún àwọn tí ń rìnrìn-àjò. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bàbá wa àti ọmọ rẹ̀ jókòó fún ìrọ̀lẹ́ méjì, wọ́n sì fi àwọn ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí aṣojú náà. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, kò tíì fèsì. Ilẹ̀ bàbá ṣì wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ti ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn.