Ẹ̀dá Tó Ń Yí Ojú Ogún Rẹ̀ Padà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ iná díẹ̀. Ọ̀tá kan wà tí ojú lásán kò lè rí, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di ẹni tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí. Ìtọ̀ á máa ta wọ́n, ìsàlẹ̀ ikùn á máa ro wọ́n, wọn á lo oògùn, ara á dá. Kò ní pẹ́, á tún dé. Aládùúgbò kan á ní àtọ̀sí tí wọ́n kó níbi àgbèrè ni, òmíràn á ní ṣáláńgá wọn ló dọ̀tí. Ó ń dùn mí, nítorí inú ogún tí kòkòrò kan jẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Dókítà àwọn ọmọdé kan, Theodor Escherich, ló ṣàpèjúwe kòkòrò ọ̀hún nílùú Munich ní 1885. Inú ìgbẹ́ ọmọ ìkókó ló ti rí i. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sọ ọ́ títí dòní, Escherichia coli, E. coli ní kúkúrú. Inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, kì í sì í sábà yọ wá lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ìdí rìn dé ojú ihò ìtọ̀ obìnrin, ọ̀nà kò jìn mọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré ló kù kó dé àpò ìtọ̀. Nínú 100 àìsàn ìtọ̀, bíi 80 ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Bó ti kéré tó nì, ó ń hu irun tẹ́ẹ́rẹ́ yí ara ká. Ṣóńṣó irun náà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní FimH, òun ló ń di ṣúgà kan, mánóòsì, mú lára ògiri àpò ìtọ̀. Ẹ rò pé ìtọ̀ á ṣàn án dànù? Bí ìtọ̀ bá ṣe ń ru gùdù tó, bẹ́ẹ̀ ni FimH ń dì í mú tó. Nígbà tí mo gbọ́ eléyìí, mo ní Olódùmarè, iṣẹ́ rẹ tóbi.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń hu irun. Nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ogún tó jẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jíìnì tó ń hu irun, abala kan wà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 314. Abala yìí á já kúrò, á yí po, á tún lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀. Bí awẹ́ obì ló rí: ó ṣíjú sókè, irun hù; ó dojú bolẹ̀, irun ò hù. Èròjà FimB àti FimE ló ń yí i. FimB ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ní ti FimE, dídà á dojú bolẹ̀ ló mọ̀ jù. Nítorí náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn kan á ní irun, àwọn kan ò ní ní. Onírun á lẹ̀ mọ́ ògiri, aláìnírun á lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ibòmíràn.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ to E. coli mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan tí kì í pani lára, ọ̀kan tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àti ọ̀kan láti ara obìnrin tí àìsàn ìtọ̀ ti wọ kíndìnrín rẹ̀. Nínú àpapọ̀ èròjà tí jíìnì wọn ń ṣe, bíi 39 nínú 100 péré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ní. Orúkọ kan, ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Síbẹ̀, jíìnì irun yẹn wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, títí kan àwọn jẹ́jẹ́ inú ìfun. Pé ó wà nínú ogún kò tíì tó. Ó di ìgbà tí abala tó ń yí yẹn bá ṣíjú sókè nínú àpò ìtọ̀.

Nínú obìnrin 4 tó ṣe àìsàn ìtọ̀ yìí, bíi 1 ni yóò tún ṣe é láàárín oṣù 6. Ní Yunifásítì Washington tó wà nílùú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, Scott Hultgren àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi eku ṣèwádìí, wọ́n sì jábọ̀ ní 2003 pé onírun yìí ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó ń bí sí i níbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì á fi kún bámúbámú. Àwọn kan á jáde. Àwọn kan á sùn, wọn ò ní bí, oògùn apakòkòrò ò sì ní rí wọn mú. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á ní ó mọ́, títí ẹni tó sùn á fi jí. Ní 2007, wọ́n rí irú ọ̀wọ́ kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó bọ́ sínú ìtọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn mìíràn tó ń padà wá, ìfun ni wọ́n tún ti wá bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún mi, èwo wá ni ti àgbèrè níbẹ̀? Ẹni tó bá ń ṣe, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ má fi ẹnu yín lé e jáde láàárín ẹgbẹ́.

Ní báyìí, ṣúgà kan náà ni àwọn onímọ̀ fi ń dọdẹ rẹ̀. Wọ́n ṣe ayédèrú mánóòsì tó wọ ṣóńṣó irun náà ju ojúlówó lọ, wọ́n sì jábọ̀ ní 2011 pé àwọn fún eku mu. FimH gbá ayédèrú náà mú, kò rí ọwọ́ fi di ògiri mú mọ́, ìtọ̀ sì gbé e lọ. Wọn ò tilẹ̀ pa á.